Ṣé Ó Fò Ni, Àbí Ó Jí I?

Bàbá ọmọ náà kò jókòó. Ó gbé ìwé sórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó fi ìka tẹ àwòrán kan, ó ní, "Mà, ẹ dákun, ẹ bá mi ka ibí yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi wá gíláàsì ojú rẹ̀ kó tó dá a lóhùn. Àwòrán ọkùnrin kan ni. Ó fi láwàní dúdú wé orí àti ojú, ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn. Ó wà lófuurufú láàárín ògiri kan àti ojú títì, ó há àpótí sí abíyá. Nísàlẹ̀, aṣọ́bodè kan nawọ́ sí i, ó ń pariwo ní èdè Faransé: "Il vole! Il vole!"

"Ó ń fò! Ó ń fò!" ni ẹ̀gbọ́n mi kà.

"Rárá o, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ń jalè. Ọdún méjì péré ni mo tíì lò ní Niamey, Faransé mi kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ eléyìí. Mo wò ó nínú ìwé atúmọ̀ èdè."

Àwọn méjèèjì ló jàre. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn Faransé ń lò fún fífò ẹyẹ àti fún olè jíjà. Ibi tí wọ́n bá ti lò ó ni èèyàn fi ń mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Nínú àwòrán yìí, ibi tí wọ́n ti lò ó kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wà lókè lóòótọ́. Àpótí náà kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ torí pé oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni mo wá jẹ nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Banifandou. Mo gbé àwo mi lé orókùn, mo ń jẹun. Bàbá náà ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ nígbà tí wọ́n dé, wà lára àwọn tó ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀," ni ó wí. "Olùkọ́ wọn pè mí. Aago ọwọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọnù, inú báàgì ọmọ mi ni wọ́n ti bá a. Nígbà tá a délé, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, kó sì fi Yorùbá sọ ọ́. Ó ní, 'Dádì, mo fò ó.' Mo rò pé ó ní òun fọ̀ ọ́ ni! Mo ní, ta ló ń fọ aago? Ó ń sunkún, ó ń wí pé òun fò ó, òun fò ó. Ìyá rẹ̀ ló bi í pé ta ló kọ́ ọ ní irú Yorùbá yẹn. Ló bá mú ìwé yìí jáde."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì gbé ẹ̀rín náà mì.

"Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ lólè," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ̀yin kọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ pé olè jíjà kò ju kéèyàn fò lọ. Ọ̀kan nínú méjì ni: bóyá ẹ kò gbọ́ Faransé, bóyá ẹ gbọ́ ọ, ẹ ń bo olè mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Mo ti bá àwọn òbí yòókù sọ̀rọ̀. Sátidé tó ń bọ̀, a máa pàdé níbí, ká mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ni kíláàsì yìí á ṣì wà."

Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì yìí lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Niamey tàbí tí wọ́n kó wá síbẹ̀ ló ń wá. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òbí wọn, Faransé tàbí Zarma ni wọ́n sì fi ń dáhùn. Òun kì í ṣe olùkọ́, aṣọ ló rán títí ojú rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́. Ìwé aláwòrán, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní bédé, ló fi ń kọ́ wọn. Á gbé àwòrán síwájú wọn, á fi Yorùbá ka ohun tí wọ́n kọ sí i, wọ́n á wá sọ ìtàn náà padà fún un. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń wà nílé, ọjọ́ kan ni mo fi ń wà láyé."

Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ó palẹ̀ àwo mi mọ́ kí n tó jẹun tán.

"Ṣebí akọ̀ròyìn ni ìwọ," ni ó wí. "Lọ wádìí. Olè ni, àbí kì í ṣe olè?"

"Ta ni?"

"Oníláwàní, dájúdájú. Àbí ta là ń sọ?"

Àwa méjèèjì la sọ ọ́ ní Oníláwàní nígbà tá a wà lọ́mọdé ní àdúgbò Lazaret. Orúkọ tó ń jẹ́ ní Faransé gùn ju ìyẹn lọ. Bàbá wa ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ìtàn Oníláwàní ti máa ń dé bá wa, nítorí pé ewé ìwé náà ni àwọn oníṣòwò fi ń wé ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mi á tú ewé kan kúrò lára bíréèkì, ó kún fún gírísì, á nà án sórí orókùn rẹ̀, á kà á. Ọmọ ọdún méje ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí, mi ò mọ lẹ́tà kankan. Ewé tó bá dé la ń kà. A lè ka òpin lónìí, ká ka ìbẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀. Èyí tó kó jọ báyìí, ó rà á nígbà tó dàgbà.

Oníláwàní fò kọjá ògiri. Oníláwàní fò lọ́jà. Oníláwàní fò nílé alákòóso. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń kà á, mo sì gbà á gbọ́. Ìgbà kan péré ni mo bi í pé kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń lé ẹni tó kàn ń fò kiri.

"Wọ́n ń jowú rẹ̀ ni," ni ó wí.

Mo wé gèlè ìyá wa mọ́ ojú, mo gun ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ mi wú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá wa bi mí pé, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Mo ní Oníláwàní ni. Ó wá oníláwàní náà káàkiri àdúgbò kó tó yé e pé inú ìwé ló wà.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo tẹ́ gbogbo ìwé ẹ̀gbọ́n mi sórí ẹní, láti orí èyí tó pẹ́ jù. Iṣẹ́ mi ni láti to ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí bó ṣe tẹ̀léra. Mo rò pé bí mo bá to ìgbésí ayé ọkùnrin yìí bẹ́ẹ̀, yóò dá ara rẹ̀ láre tàbí lẹ́bi.

Nínú èyí àkọ́kọ́, òun kọ́ ló ni ìtàn. Aṣọ́bodè ló ni ín. Oníláwàní fara hàn nígbà mẹ́rin péré, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn ń sá lọ ṣáá. Bí mo bá dúró níbẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Olè ni.

Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀lé e jáde ní àwọn ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Ó ti ní ìwé tirẹ̀. Ó ń já ilẹ̀kùn àká àwọn tó kó ọkà jéró pamọ́, ó ń pín in fún àwọn ará abúlé etí Odò Ọya. Aṣọ́bodè àná ti di ẹni tó ń gba rìbá. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn rere ni, kí n tó ṣí ewé kan tí mo rí i tó jókòó lórí àpò ọkà mẹ́ta tí kò pín. Obìnrin kan bi í pé, "Ti ta ni ìwọ̀nyí?" Ó ní, "Tèmi." Ìwé náà parí síbẹ̀. Mo fagi lé ohun tí mo kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé náà di tẹ́ẹ́rẹ́, yíǹkì rẹ̀ ń yí mọ́ni lọ́wọ́. Oníláwàní kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin tó fi í pamọ́ sílé, nígbà tí wọ́n wá mú un, orí igi ni ọkùnrin yìí wà tó ń wò wọ́n. Kò sọ̀ kalẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí mo ka ìyẹn. Mo ti wà ní ilé-ìwé girama, mo ti ń dá kàwé. Mo sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kì í ṣe òun nìyẹn," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Ẹlòmíràn ló wé láwàní rẹ̀."

Ìwé kò jáde mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó wà níta báyìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń kà á, àwọ̀ rẹ̀ ń dán. Wọ́n ti tú láwàní náà. Ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ojú lásán, ojú ẹni tó lè máa ta káàdì fóònù ní ìkóríta. Ó ń kọ́ ọmọdé láti fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ó sì ń fò. Kì í bẹ́, kì í gun ògiri. Ó ń fò bí ẹyẹ lórí odò, aṣọ aláwọ̀ ojú sánmà ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wo èyí tó wà lórí ẹní, mo wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ní kí n wádìí mọ́.

Orúkọ ayàwòrán kan náà ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé ó ṣì wà láyé, ní Kirkissoye lódìkejì odò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sọdá afárá ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Mo bá bàbá arúgbó kan níwájú ilé rẹ̀, tó ń fi abẹ ìfárí gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Faransé la sọ, ó ń fi Zarma dí àlàfo rẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lórí ìbẹ̀rẹ̀, ó ní: "Mo kàn nílò ẹni tí aṣọ́bodè á máa lé. Mo bo ojú rẹ̀ torí pé mi ò tíì mọ ojú yà dáadáa."

Lórí ọdún ọ̀gbẹlẹ̀: "Àwọn èèyàn ń dá mi dúró lọ́nà. Wọ́n ń bi mí pé, ọkùnrin yẹn, nígbà wo ló ń bọ̀ ní abúlé tiwa? Ìwọ, kí lo máa yà?"

"Àti àpò ọkà mẹ́ta náà?"

"Ebi ń pa òun náà, àbí?"

Lórí obìnrin tó fi sílẹ̀, ó gbẹ́ pẹ́ńsùlù náà títí ó fi ṣẹ́. "Ìyàwó mi kú lọ́dún yẹn. Èmi ni mo burú. Òun kọ́."

Lórí ti òde òní: "Àwọn kan wá bá mi láti ọ́fíìsì kan, wọ́n ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní kí n tú láwàní rẹ̀, torí láyé ìsinsìnyí, ta ló fẹ́ rí ẹni tó bojú nínú ìwé ọmọdé? Mo tú u. Wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín. Mo mú un rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an, bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, mi ò ní kí i."

Mo wá ṣí ìwé àkọ́kọ́ síwájú rẹ̀. Mo fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè. Mo ní, "Bàbá, ṣé ó ń fò ni, àbí ó ń jalè?"

"Ó ń jalè," ni ó wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tún sún mọ́ ìwé náà. "Dúró ná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan nǹkan kan." Ó ti ìwé náà padà sí mi. "Aṣọ́bodè ló sọ ọ́. Òun ni kó o lọ bi."

"Ẹ̀yin lẹ yà á!"

"Mo yà á. Mi ò sọ̀rọ̀ fún un." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Àwọn ọmọdé ti ń sọ fún mi tipẹ́ pé ó ń fò. Níbi gbogbo. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Mo bá wọn jiyàn, ó sú mi. Ìdí tí mo fi fún un ní aṣọ tó ń fẹ́ nìyẹn."

Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní rárá, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó ni torí pé mo wá.

Nígbà tí mo padà dé, mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè bí mo ṣe máa ń bi àwọn ẹlòmíràn. Mo ní, "Àǹtí, nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á fún mi, ṣé ẹ mọ̀ pé olè ni?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní kíláàsì. Ẹyẹ ń fò. Mi ò tíì dé ibi olè."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Pa ohun tí mo sọ lánàá rẹ́. Mo mọ̀. Ṣebí ìgbà yẹn ni ọlọ́pàá mú bàbá wa nítorí ẹ̀yà alùpùpù tí wọ́n ní wọ́n jí, tó sùn lọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ méjì. Kí n wá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí n máa pariwo olè?"

Bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n, a ti kó kúrò ní Lazaret kí ọlọ́pàá tó mú bàbá wa, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ó dá ẹ lójú?"

Mo rò ó. Kò dá mi lójú.

"Èmi náà," ni ó wí. "Kọ méjèèjì."

Ní Sátidé, òbí mẹ́jọ ló wá. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò inú ọgbà, àwọn ọmọ wọn sì jókòó sórí ẹní níwájú. Bàbá oníbáńkì náà nìkan ni kò jókòó, ó kí gbogbo èèyàn, ó tún sọ ọ̀rọ̀ aago náà látòkèdélẹ̀. Nígbà tó dé ibi fífọ aago, àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ dorí kodò. Bàbá náà rí i, ó gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí màmá kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, ní gbangba. Bí ó bá kọ fífò, èmi á mú ọmọ mi lọ."

Mo mọ̀ pé bó bá mú un lọ, àwọn mẹ́rin mìíràn á tẹ̀lé e. Mo ti sọ ohun tí ayàwòrán wí fún ẹ̀gbọ́n mi, kò ràn án lọ́wọ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó yíjú sí pátákó. Ó dúró pẹ́ débi pé ọmọ kan bi èkejì ní Zarma bóyá màmá ti sùn. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́: "Ó ń gbé e lọ!"

Àwọn òbí na ọrùn láti kà á.

"Gbígbé wo nìyẹn, mà?" ni oníbáńkì bi í.

"Gbígbé ni mo kọ."

"Èèyàn lè gbé omi. Èèyàn lè gbé ọmọ pọ̀n."

"Ọ̀gá báńkì, ṣé wọ́n ti gbé ọkọ̀ yín rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Ìbàdàn."

"Kí lẹ sọ fún ọlọ́pàá?"

"Mo ní wọ́n ti gbé…"

"Ṣé orí ni wọ́n gbé e rù?"

Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ gbà fún màmá, jàre!" Oníbáńkì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jókòó.

"Mo gbà fún Yorùbá yín, mà. Ẹ kò tíì dá mi lóhùn. Ọmọ mi gbé aago."

Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ náà lórí ẹní. Kò rọrùn fún orókùn rẹ̀.

"Wò mí," ni ó wí. "Aago yẹn, o jí i. Jíjí lorúkọ rẹ̀. Kò sí fífò níbẹ̀, kò sí gbígbé níbẹ̀. Tún un wí."

"Mo jí i," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

"Ó dára. Èmi ni mo fún ẹ ní ọ̀rọ̀ tí kò tọ́. Má bínú sí mi."

Ọmọ náà nu imú. Ó wo pátákó, ó wo ìwé. "Et lui, Màmá? Oníláwàní ńkọ́?"

Gbogbo wa la dúró de ìdáhùn rẹ̀. Èmi náà gbé bíírò mi sórí ìwé.

"Ti Oníláwàní," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "kò tíì yé mi. Àádọ́ta ọdún ó lé ni mo ti ń kà á."

Bàbá ọmọ náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ dá ìpàdé dúró, mo rò pé ó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ dìde. Ó fa àga sẹ́yìn, ó jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ó ṣì ku ìdajì wákàtí nínú kíláàsì wọn, mà," ni ó wí. "Ẹ máa bá a lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. Ó ṣí ewé tó tẹ̀lé e, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ó bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n rí.